Ilé Oníyàrá Mẹ́rin: Ìtàn Bí A Ṣe Mọ Ohun tí Ọmọ Ń Jogún Nínú Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń múra àtigbéyàwó, ọdún 1865 ni a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa. Ní ọdún náà àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, nítorí pé ìlú náà wà lójú ọ̀nà tí ọjà ń gbà láti ọ̀sà lọ sí Ìbàdàn. Ní òpin oṣù March ni Glover, aláṣẹ Èkó, tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Gólóbà, rán ọmọ ogun wá, tí wọ́n sì tú ibùdó náà ká. Ní oṣù kan náà, ní ìlú Brünn tí ó jìnnà réré, èyí tí a ń pè ní Brno ní ilẹ̀ Czech lónìí, àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gregor Mendel dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀, ó sì ka ìwé kan nípa ẹ̀wà. Ta ni ìbá rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀wà yìí yóò wọ inú ilé àwọn ará Èbúté Ìkòròdú ju ìró ìbọn Gólóbà lọ? Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Nítorí ogun kan wà tí Gólóbà kò lè tú ká. Obìnrin a bímọ. Ọmọ náà a máa ké ní òru nítorí ìrora egungun. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a wú. Ẹyinjú rẹ̀ a pọ́n bí ìyeyè. A sì kú ní kékeré. Òmíràn a tẹ̀lé e, ìyẹn náà a lọ. Àwọn baba wa sọ pé ọmọ kan náà ni ń lọ tí ń bọ̀, wọ́n sì pè é ní àbíkú. Wọn a sá òkú rẹ̀ lára, wọn a sì sọ èyí tí ó bá tẹ̀lé e ní Málọmọ́, Dúrójayé tàbí Kòsọ́kọ́. Ẹ rántí pé Kòsọ́kọ́ ni orúkọ ọba Èkó tí ó pàdánù ìtẹ́ rẹ̀ ní 1851, tí ó sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ títí ó fi padà sí Èkó ní 1862. Orúkọ ìbẹ̀rù yìí wọ ààfin gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ ahéré. A kò sọ pé àrùn kan ṣoṣo ni ó pa gbogbo àbíkú. Ibà, ìgbóná àti ìgbẹ́ gbuuru pa ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n a mọ̀ nísinsìnyí pé àrùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde wà lára ohun tí ó pa wọ́n. Èyí tí ó sì burú jù ni pé orí ìyá ni a máa ń di ẹ̀bi náà rù.

Kí ni Mendel rí? Ó mú ẹ̀wà tí ń ga pọ̀ mọ́ èyí tí ń kúrú, gbogbo ọmọ wọn sì ga. Ènìyàn ìbá sọ pé kíkúrú ti parun. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ náà so, nínú ọmọ-ọmọ 1,064, 787 ga, 277 sì kúrú: ó súnmọ́ mẹ́ta sí ọ̀kan. Ó wá yé e pé ohun méjì ni ẹ̀dá ń gbà fún ìrísí kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ akọ, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ abo. Ọ̀kan sì lè fara pamọ́ sábẹ́ èkejì, kí ó tún jáde lára ọmọ-ọmọ. A tẹ ìwé rẹ̀ ní 1866, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé kò kà á sí títí di 1900, nígbà tí ó ti kú ní ọdún 16. Ní nǹkan bí 1905, Reginald Punnett ti Yunifásítì Cambridge ya àpótí kan tí ó mú ẹ̀kọ́ náà rọrùn bí ìṣirò ọmọ ilé-ìwé. Àpótí yìí ni àwa ń pè ní ilé oníyàrá mẹ́rin.

Ní 1910, dókítà James Herrick ti Chicago kọ̀wé nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti erékùṣù Grenada, ẹni tí hóró ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Ní 1949, James Neel fi hàn pé ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì ni aláìsàn ti ń gba àrùn náà. Lẹ́tà A ni a fi ń pe ẹ̀jẹ̀ tí ó pé, S ni a fi ń pe èyí tí ń tẹ̀ bí dòjé. Ẹni tí ó gba A méjì jẹ́ AA. Ẹni tí ó gba S méjì jẹ́ SS, òun ni àrùn náà ń bá jà. Ẹni tí ó gba ọ̀kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ AS: ara rẹ̀ le, ó ń ṣòwò, ó ń wa ọkọ̀ ojú omi, kò sì mọ ohun tí ó rù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ilé náà. Ẹ ya àpótí kan sórí ìwé, kí ẹ fi ìlà là á láti òkè dé ìsàlẹ̀, àti láti òsì dé ọ̀tún. Yàrá mẹ́rin jáde. Ká ní AS ni baba, AS sì ni ìyá. Ẹ kọ A ti baba sókè yàrá méjì ti apá òsì, kí ẹ kọ S rẹ̀ sókè méjì ti apá ọ̀tún. Ẹ kọ A ti ìyá sí ẹ̀gbẹ́ yàrá méjì ti òkè, kí ẹ kọ S rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjì ti ìsàlẹ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan yóò gba lẹ́tà kan láti òkè, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ kà wọ́n: ọ̀kan jẹ́ AA, méjì jẹ́ AS, ọ̀kan jẹ́ SS. Bí ó bá jẹ́ pé AA ni ọ̀kan nínú àwọn òbí, tí èkejì jẹ́ AS, kò sí SS nínú ilé náà rárá. Bí ọ̀kan bá jẹ́ AS tí èkejì jẹ́ SS, yàrá méjì ni SS gbà. Lẹ́tà C náà wà láàrín àwa Yorùbá, ẹni tí ó bá sì gba S pọ̀ mọ́ C kò bọ́ lọ́wọ́ àrùn yìí.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Wọ́n ń sọ pé, “A ti bí SS kan, mẹ́ta tí ó kù yóò yè.” Kò rí bẹ́ẹ̀! Ilé oníyàrá mẹ́rin kì í rántí ọmọ àná. Ẹni tí ó ju owó ẹyọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò fi ìyẹn pàṣẹ bí yóò ṣe ṣubú lẹ́ẹ̀kejì; bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni gbogbo oyún ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà lákọ̀tun. Bí ìdílé 256 tí tọkọtaya wọn jẹ́ AS bá bí ọmọ mẹ́rin mẹ́rin, ìṣirò fi hàn pé nǹkan bí 81 kì yóò ní SS kankan. Nínú 175 tí ó kù, ẹlòmíràn yóò ní ọ̀kan, ẹlòmíràn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni ó fi jẹ́ pé aládùúgbò kan lè sin ọmọ mẹ́ta, tí èkejì kò sì sin ẹnì kan, bí ẹ̀jẹ̀ wọn tilẹ̀ rí bákan náà. Kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe ìwà ìyá. Yàrá SS kò lè kún láìjẹ́ pé baba fi lẹ́tà tirẹ̀ sí i.

Kí ni ó mú S pọ̀ láàrín wa tó bẹ́ẹ̀? Ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé ibà kì í lè pa ọmọ AS bí ó ti ń pa ọmọ AA. Níbi tí irà àti ẹ̀fọn wà, bí ó ti rí ní etí ọ̀sà wa, ọmọ AS ni ó ń yè jù. Nítorí náà ohun kan náà tí ó gba ọ̀pọ̀ ọmọ là ni ó ń pa àwọn mìíràn. Nínú ènìyàn mẹ́rin ní Nàìjíríà, bí ẹnì kan ni AS. Bí a bá ń fẹ́ra wa láìbéèrè, nínú ìgbéyàwó 16, bí ọ̀kan yóò so AS pọ̀ mọ́ AS.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ ní Èkó ní 1994 láti bá àrùn yìí jà, ọ̀pọ̀ ìjọ sì ń béèrè ìwé àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó so ọkọ pọ̀ mọ́ aya. Ó dára, ṣùgbọ́n ìgbà tí a ti ra aṣọ ẹbí, tí a ti pín ìwé ìpè, ni púpọ̀ ń lọ ṣe àyẹ̀wò. Ta ni yóò gbọ́ràn sí ìwé ní ọjọ́ náà? Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín mọ lẹ́tà wọn kí ọkàn wọn tó so mọ́ ẹnì kan. Ní ti àwọn SS tí ó wà láàrín wa, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè wọ́n ní àbíkú mọ́. Pẹ̀lú oògùn, omi mímu púpọ̀, ìṣọ́ra lọ́wọ́ ibà àti ilé ìwòsàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dàgbà, wọ́n sì ti di òbí.

Atukọ̀ ní Èbúté a máa wo ojú ọ̀run kí ó tó tú okùn ọkọ̀, nítorí ó mọ̀ pé àárín ọ̀sà kọ́ ni a ti ń béèrè nípa ìjì. Ẹ jẹ́ kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí.