Láti Ìpéǹpéjú dé Tẹmómítà: Ìtàn Ìmọ̀ Ẹyin Pípa

Ọjọ́ 21 ni àgbébọ̀ adìyẹ fi ń sàba kí ẹyin rẹ̀ tó pa. Ó ti pẹ́ tí ọmọ ènìyàn ti ń gba iṣẹ́ yìí ṣe. Ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Kírísítì, Aristotle kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹyin tí wọ́n rì sínú ìgbẹ́ ẹran ní Íjíbítì a máa pa. Ní Íjíbítì kan náà ni wọ́n ti ń fi bíríkì alámọ̀ kọ́ ààrò tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò ní tẹmómítà. Wọ́n a fi ẹyin kan ìpéǹpéjú wọn láti mọ̀ bóyá ooru rẹ̀ tó.

Nítorí pé inú ara ni ìmọ̀ náà wà, ó ṣòro fún àlejò láti gbé e lọ. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, Réaumur, fi tẹmómítà wọn ooru náà, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1749.

Ẹ̀rọ ìsàba kékeré inú ilé lónìí kò yà kúrò ní ọ̀nà yìí: ooru bíi 37.5°C, ọ̀rinrin, afẹ́fẹ́, àti yíyí ẹyin padà títí di nǹkan bí ọjọ́ 18. Ó hàn gbangba, nígbà náà, pé tẹmómítà kọ́ ló dá ìmọ̀ yìí sílẹ̀. Ó kàn sọ ohun tí ìpéǹpéjú ti mọ̀ di nọ́ńbà tí ó ṣeé kọ́ ní kíláàsì ni. Olùkọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti Yúróòpù ti fo ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní Áfíríkà.