Orin Méjì Nínú Ijó Kan

Orin a máa sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ. Ẹ wo sinimá Picnic, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1955. Ọmọ olówó kan ń fẹ́ Madge. Hal ní tirẹ̀ jẹ́ tálákà tí ó ń wá iṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ àríyá, Hal àti Madge jó lẹ́bàá odò. Àwọn olórin ń lu “Moonglow”, orin jáàsì tí ó ti wà láti 1933. Díẹ̀díẹ̀, gòjé òyìnbó gbé orin tuntun tí George Duning kọ lé e lórí. Orin méjèèjì kò da ara wọn rú. Wọ́n ń bá ara wọn rìn bí ẹsẹ̀ oníjó méjì. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ fi etí kan gbọ́ ti àtijọ́, ẹ fi èkejì gbọ́ tuntun.