Idẹ, Irin àti Iná

Ó pẹ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ Yorùbá ti mọ̀ pé irin àti idẹ lè gbé pọ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ẹdan Ògbóni. Ọ̀pá irin ni ó máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ẹdan. Wọn a fi ìda oyin mọ ère sí i lára, wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a fi iná yọ ìda náà dànù, wọn a sì da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Idẹ ń yọ́ ní nǹkan bí 900 sí 950°C. Irin kì í yọ́ àfi bí iná bá dé 1,538°C. Nítorí náà, irin a dúró gbọin bí idẹ ti ń ṣàn yí i ká. Bí méjèèjì bá wá ń tutù, idẹ a súnkì ju irin lọ, a sì fún un mọ́ra pinpin. Ìyàtọ̀ àárín wọn gan-an ni ó so wọ́n pọ̀.

Irú ìyàtọ̀ yìí kan náà ni ó di wàhálà ní ọ̀rúndún ogún. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì tí ó parí ní 1945, àwọn ilé-iṣẹ́ amúnáwá ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń mú oru omi gbóná dé 540°C àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin bọ́ílà tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè fara da ibi tí ó gbóná jù. Irin tí kì í dípẹtà lè fara dà á, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Wọ́n bá lo èyí níbi tí ó gbóná jù, wọ́n lo tàtijọ́ níbi tí ó kù, wọ́n sì jó méjèèjì pọ̀.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn oríkèé náà bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ohun méjì pàtàkì ni ó fà á. Irin tí kì í dípẹtà ń wú ju èkejì rẹ̀ lọ bí ó bá gbóná. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá tan bọ́ílà tàbí tí wọ́n pa á, ọ̀kan a máa fa èkejì. Lẹ́ẹ̀kejì, kábọ́ọ̀nù inú irin àtijọ́ máa ń ṣí lọ sí apá tí krómíọ̀mù ti pọ̀, ibi tí ó fi sílẹ̀ a sì rọ̀. Ibẹ̀, létí ojú ìjórin, ni ó ti ń sán.

Àwọn wẹ́dà bá mú àdàlù níkẹ́lì fi ṣe ohun ìjórin, nítorí pé wíwú rẹ̀ sún mọ́ ti irin àtijọ́, kì í sì í jẹ́ kí kábọ́ọ̀nù ṣí púpọ̀. Ìwádìí tí àjọ EPRI ti Amẹ́ríkà ṣe ní àwọn ọdún 1980 fi hàn pé oríkèé oníníkẹ́lì ń pẹ́ ju ti ìṣáájú lọ, ṣùgbọ́n òun náà ń sán nígbẹ̀yìn.

Ọ̀ràn náà kò tíì tán. Bí iná oòrùn àti ti afẹ́fẹ́ ti ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ bọ́ílà tí kì í sinmi tẹ́lẹ̀ ti di èyí tí wọ́n ń tàn tí wọ́n sì ń pa lemọ́lemọ́. Oríkèé kan ṣoṣo tí ó bá já lè bó òṣìṣẹ́ lára, ó sì lè sọ àdúgbò sínú òkùnkùn. Ẹdan la iná já lẹ́ẹ̀kan, ó sì bọ́. Oríkèé bọ́ílà kò bọ́ rárá; àfi kí ẹni tí ó so ó pọ̀ máa bẹ̀ ẹ́ wò.