‘Public’ Lẹ́nu Àwọn Elédè Marathi: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Àpèjúwe Kan

Bí wọ́n bá ní kí ògbifọ̀ túmọ̀ ‘public’, ọ̀rọ̀ àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì, sí èdè Yorùbá, yóò kọ́kọ́ bèèrè irú ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó ń yán. Ọ̀nà tí tọmọdé tàgbà ń tọ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní gbangba sì yàtọ̀ sí méjèèjì. Irú ìṣòro yìí gan-an ni ó dojú kọ àwọn elédè Marathi ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé lọ́dọ̀ tiwọn, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà di ohun tí wọ́n torí rẹ̀ lu ara wọn, tí wọ́n sì gbé lọ sí kóòtù.

Inú èdè Látìn ni ‘public’ ti ṣẹ̀ wá, níbi tí ó ti jẹ mọ́ àwọn ará ìlú lápapọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò lò ó lọ́nà kan ṣoṣo. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní ‘public school’ ní ilẹ̀ wọn, ilé ẹ̀kọ́ ọmọ olówó ni. Ní Nàìjíríà, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni gbólóhùn kan náà ń tọ́ka sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti ṣọ́ra.

Ní 1818 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Peshwa tí ó ń ṣàkóso láti ìlú Pune. Láti ìgbà náà ni òfin àti ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti wọ àárín àwọn elédè Marathi. J. T. Molesworth tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Marathi sí Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1831. Ní 1847 ni èyí tí ó ti Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí Marathi, tí Thomas Candy parí, tẹ̀ lé e. Láàárín méjèèjì, ní 1832, Balshastri Jambhekar dá ìwé ìròyìn Darpan sílẹ̀, tí ó ń jáde ní èdè méjèèjì. Irú àwọn iṣẹ́ báyìí ni ó sọ ìtumọ̀ di iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ kò wọ́n àwọn ògbifọ̀ náà. ‘Sarkari’, tí ó ti èdè Páṣíà wá, wà fún ohun tí í ṣe ti ìjọba. ‘Jahir’, tí ó gba èdè Lárúbáwá àti Páṣíà kọjá, wà fún ohun tí a kéde fún gbogbo ayé, bí ìpàdé ìta gbangba. ‘Lok’, èyíinì ni àwọn ènìyàn, wà nínú ‘lokmat’ tí í ṣe èrò ará ìlú. Ìkẹrin ni ‘sarvajanik’. ‘Sarva’ ni gbogbo, ‘jana’ ni ènìyàn, àfòmọ́ tí ó wà lẹ́yìn ni ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Bí a bá tú u palẹ̀, ‘ti gbogbo ènìyàn’ ni. Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun nìkan ni ó ṣe ìlérí tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ní 1870 ni ọ̀rọ̀ náà gba ìlú kan. Ọdún yẹn ni wọ́n dá Sarvajanik Sabha, Ẹgbẹ́ Gbogboògbò, sílẹ̀ ní Pune láti máa gbẹnu àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ níwájú ìjọba. Agbẹjọ́rò Ganesh Vasudeo Joshi ṣe wàhálà lórí ẹgbẹ́ náà débi pé àwọn ènìyàn fi í jẹ orúkọ: wọ́n ń pè é ní ‘Sarvajanik Kaka’. Kaka ni arákùnrin bàbá ẹni. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe kì í sábà di oríkì ènìyàn báyìí. Láti 1893 ni Tilak sì ti ń gbé ọdún Ganesh, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú ilé, lárugẹ gẹ́gẹ́ bí ọdún ‘sarvajanik’ ní ìta.

Ṣùgbọ́n ta ni ‘gbogbo’ náà? Àwọn Brahmin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn aṣáájú Sabha. Jotirao Phule, tí kì í ṣe Brahmin, ti ṣí kànga ilé rẹ̀ fún àwọn tí a kà sí aláìmọ́ ní 1868. Ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1891, lẹ́yìn ikú rẹ̀, gbé ‘sarvajanik’ sínú àkọlé. Ẹ̀sìn òtítọ́ tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ni ó fi ọ̀rọ̀ náà yán, kì í ṣe ẹgbẹ́ tàbí ọdún.

Omi ni ó wá dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ní 1923, Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Bombay fọwọ́ sí àbá S. K. Bole pé kí àwọn tí a kà sí aláìmọ́ máa lo gbogbo ibi ìpọnmi àti kànga tí owó ará ìlú bá gbé ró. Ní 1924, ìgbìmọ̀ ìlú Mahad kéde pé adágún Chavdar ti di ti gbogbo ènìyàn. Ìkéde lásán ni. Àwọn Mùsùlùmí ń pọnmi níbẹ̀, ẹran ọ̀sìn ń mu ún, ṣùgbọ́n kò sí Dalit kan tí ó jẹ́ sún mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, 1927, B. R. Ambedkar síwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí etí adágún náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu omi mu, àwọn yòókù sì bù ú mu. Wọ́n lu àwọn tí ó wá síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da ìkòkò 108 tí ó kún fún wàrà, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ màlúù sínú omi náà láti ‘wẹ̀ ẹ́ mọ́’. Ìgbìmọ̀ ìlú fagi lé ìkéde rẹ̀ lóṣù Kẹjọ ọdún náà.

Ní oṣù Kejìlá, àwọn Híńdù kan pe Ambedkar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé adágún náà kì í ṣe ti gbogboògbò rárá, ti àwọn ìran kan ni, àti pé àṣà láéláé ni ó fi ẹ̀tọ́ ibẹ̀ fún wọn. Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ òfin kúrò, orí ‘public’ ni ẹjọ́ dúró sí. Ó tó ọdún mẹ́wàá kí ó tó parí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta, 1937, Ilé Ẹjọ́ Gíga Bombay dá Ambedkar láre: àwọn olùpẹ̀jọ́ kò lè fi hàn pé àṣà tí wọ́n ń tọ́ka sí ti wà láti ayébáyé.

Ambedkar yìí kan náà ni ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ó kọ òfin Íńdíà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950. Abala 15 òfin náà ka kànga, adágún, ibi ìwẹ̀ àti ojú ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ pé ìbí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé e kúrò níbẹ̀, ìbáà jẹ́ owó ìjọba ni ó ń gbé wọn ró tàbí wọ́n ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ìlò gbogboògbò.