Oníbodè Tí Ó Tún Ń Pàtẹ: NITEL àti Wáyà Abẹ́ Òkun ní Nàìjíríà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni bí NITEL, ilé-iṣẹ́ ìjọba, ṣe ni wáyà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ Nàìjíríà, tí ó sì tún ń ta íntánẹ́ẹ̀tì náà fún ará ìlú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àìbìkítà àti ìwà ìbàjẹ́ ni ó pa NITEL. A kò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ipò méjì tí ó dì mú pọ̀ yìí fa ìdíwọ́ ju bí wọ́n ti ń sọ lọ.

Láyé àtijọ́, oníbodè ni ó ń gba owó ibodè lọ́wọ́ oníṣòwò tí ó bá fẹ́ wọ ìlú. Bí oníbodè bá wá ní àtẹ tirẹ̀ lọ́jà, ta ni yóò dá a lẹ́kun kí ó má baà ni àwọn tí wọ́n jọ ń tajà lára?

Wáyà abẹ́ òkun kì í ṣe àjèjì ní Èkó. Láti 1886 ni ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ti fi so Èkó mọ́ ìlú London. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí a máa sọ pé a 'tẹ wáyà' sí ènìyàn. Ní 1985, ìjọba pa ẹ̀ka tẹlifóònù P&T pọ̀ mọ́ NET, tí ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ sí òkèèrè, ó sì sọ wọ́n di NITEL. Nígbà tí ó fi di 2002 tí wáyà SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ilẹ̀ Pọtogí dé Gúúsù Áfíríkà, NITEL nìkan ni ó dúró fún Nàìjíríà nínú ẹgbẹ́ tí ó ni ín.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀tẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ta íntánẹ́ẹ̀tì ní láti ra ààyè lórí wáyà náà lọ́wọ́ NITEL, tí í ṣe orogún rẹ̀ lọ́jà. Ọ̀wọ́n ni ààyè ọ̀hún, wáyà tí yóò sì gbé e láti Èkó lọ sí àwọn ìlú mìíràn kò ṣe é gbára lé. Ọ̀pọ̀ wọn kò kúrò lórí sátẹ́láìtì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà wọ́n, ó sì falẹ̀. (SAT-3 yìí kan náà yà ní Kútọnu, nígbà tí ó yá, ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà kan gba ibẹ̀ ra ààyè tirẹ̀ wọlé.)

Ìyípadà dé nígbà tí Glo-1 gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2009, tí MainOne sì tẹ̀ lé e ní 2010. Funke Opeke tí ó dá MainOne sílẹ̀ ti fi ìgbà kan ṣiṣẹ́ ní NITEL. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ni MainOne sì ń ta ààyè fún jù lọ. Glo ní tirẹ̀ ń pàtẹ bíi ti NITEL, ṣùgbọ́n ibodè ti ju ẹyọ kan lọ.

Transcorp ra ìpín 51 nínú 100 NITEL ní 2006. Ìjọba gbà á padà ní 2009. NATCOM ni ó gba ohun ìní rẹ̀ ní 2015, ìpín SAT-3 sì wà lára wọn.