Ta Ni Oògùn Kàn? Ìtàn Àtúnṣe Ìlànà Ìtọ́jú HIV ní Nàìjíríà

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ètò ìlera tẹ́lẹ̀ rí, kéde pé àìsàn éèdì ló pa Fẹlá, àbúrò rẹ̀. Nígbà náà, kò tíì sí ètò ìjọba tí aláìsàn lè ti gba oògùn. Ọdún 2002 ni irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀: àgbàlagbà 10,000 àti ọmọdé 5,000 ni wọ́n pinnu láti tọ́jú, pẹ̀lú oògùn tí wọ́n rà ní Íńdíà. Aláìsàn ń san 1,000 náírà lóṣù. Ó di ọdún 2006 kí ó tó di ọ̀fẹ́.

Ohun tí a fẹ́ yiiri wò níhìn-ín ni bí dókítà ṣe ń mọ ẹni tí oògùn kàn. Sẹ́ẹ̀lì CD4 ni wọ́n ń kà, nítorí pé àwọn wọ̀nyí, tó ń gbèjà ara, ni kòkòrò HIV ń pa. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí iye wọn nínú mìkrólítà ẹ̀jẹ̀ kan bá ju 200 lọ, tí àmì àìsàn líle kò sì hàn, wọn a ní kí aláìsàn máa lọ sílé ná. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí: ẹni tó fi ìgboyà ṣe àyẹ̀wò, tó sì gbọ́ ohun tí etí kò fẹ́ gbọ́, ni wọ́n ń sọ fún pé àìsàn rẹ̀ kò tíì le tó. Àwọn kan kò padà wá mọ́, àfi ìgbà tí wọ́n gbé wọn wá.

Àìmọ̀ nìkan kọ́ ló fà á, lójú tèmi. Oògùn wọ́n, ó sì le lára. Stavudine a máa mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ ta bí iná, a sì máa gbẹ ọ̀rá ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ojú aláìsàn fi ń tú àṣírí rẹ̀ ládùúgbò. Bí oògùn tó sàn tó sì dínwó ti ń jáde ni ààlà náà ń gòkè. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé e dé 350 ní 2010, ó sún un dé 500 ní 2013. Nàìjíríà gba 350 ní 2010, ó gba 500 ní 2014. Ní 2015, ìwádìí START, àti TEMPRANO tí wọ́n ṣe ní Abidjan, fi hàn pé ẹni tó tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn sàn ju ẹni tó dúró lọ. Lọ́dún náà ni àjọ náà pa ààlà rẹ́; Nàìjíríà pa tirẹ̀ rẹ́ ní 2016.

(Inú “là ọ̀nà” ni ọ̀rọ̀ náà “ìlànà” ti wá, igbó sì ń padà bo ọ̀nà tí a là.)

Àtúnṣe kì í fìgbà gbogbo lọ tààrà. Ní 2018, ìwádìí kan ní Botswana mú ìfura wá pé dolutegravir lè pa ọmọ inú oyún lára. Kíá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fawọ́ oògùn náà sẹ́yìn fún àwọn obìnrin tó lè lóyún. Ní Kigali, ní oṣù keje ọdún náà, àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà tó ní HIV péjọ, wọ́n ní kí wọ́n ṣàlàyé ewu náà fún àwọn, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn fúnra àwọn yàn. Nígbà tí iye àwọn tí wọ́n wò pọ̀ sí i, ewu náà kéré ju bí wọ́n ti rò lọ, àjọ náà sì fọwọ́ sí oògùn náà fún tọkùnrin tobìnrin ní 2019.