Bí Magnetron Ṣe Di Ọjà Ọ̀pọ̀

Ará Ìbà tàbí Òkókómáíkò tó bá ń wá maikirowéèfù, ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ ni wọ́n máa júwe fún un. Tuntun wà níbẹ̀, tòkunbọ̀ wà, àwọn atúnṣe náà ò sì jìnnà. Bí iná bá tàn, tí àwo inú rẹ̀ ń yí, tí ọbẹ̀ kò sì gbóná, magnetron wà lára ohun tí wọ́n máa fura sí. Òun ló ń sọ iná mànàmáná di ìgbì tí ń mú oúnjẹ gbóná.

Àṣírí ogun ni nǹkan yìí nígbà kan. Ní February 1940 ni John Randall àti Harry Boot gbé irú èyí tó lágbára jáde ní Yunifásítì Birmingham. Ní September ọdún náà, ìjọba Bìrìtìkó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè bá wọn ṣe púpọ̀ fún rédà. Ibẹ̀ ni wàhálà wà: odindi bàbà ni wọ́n ń gbẹ́, tí wọ́n ń lu ihò sí, ìwọ̀n ihò kan kò sì gbọdọ̀ yẹ̀. Ọ̀gá oníṣẹ́ ló lè ṣe é, irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀.

Percy Spencer ti ilé-iṣẹ́ Raytheon, ẹni tí kò parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló já a. Ó ní kí ẹ̀rọ máa gé bàbà pẹlẹbẹ tòun tihò rẹ̀, kí wọ́n tò ó léra, kí wọ́n fi fàdákà tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀ sáàárín, kí gbogbo rẹ̀ sì la inú ààrò kọjá. Bó bá fi jáde, ó ti di odindi. Nígbà tí ogun ń lọ sópin, 2,600 ni wọ́n ń ṣe lójúmọ́.

Ìtàn ṣokoléètì tó yọ́ sápò Spencer nítòsí magnetron, tó jẹ́ kó ronú láti fi í se oúnjẹ, ni aráyé fẹ́ràn jù, àmọ́ ọgbọ́n ààrò yìí ló ṣe pàtàkì jù.

Síbẹ̀, Radarange, maikirowéèfù tí Raytheon gbé jáde ní 1947, ga tó èèyàn, ó wúwo ju 300 kílò lọ. Èyí tí ilé-iṣẹ́ Tappan ṣe fún ilé ní 1955 jẹ́ $1,295. Ní ilẹ̀ Japan, Keishi Ogura àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní New Japan Radio ṣe magnetron kékeré tí owó rẹ̀ kò ga; nígbà tó di 1967, ilé-iṣẹ́ Amana ta maikirowéèfù ní $495. Lẹ́yìn náà ni òòfà ferrite, tí wọ́n ń fi ìpẹtà irin ṣe, gba ipò òòfà tó ní cobalt nínú magnetron. Ogun Shaba ní Zaire, tó gbówó cobalt sókè ní 1978, sì mú kí ọ̀pọ̀ aṣòòfà sá fún cobalt.

Àǹfààní ṣíṣe lọ́pọ̀ lówó pọ́ọ́kú yìí kò dé ọ̀dọ̀ ìbátan magnetron, traveling-wave tube, tí Rudolf Kompfner hùmọ̀ nígbà ogun kan náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fi agbára kún ìgbì tó ti wà nílẹ̀, bó ṣe ń ṣe nínú ọ̀pọ̀ sátẹ́láìtì tó ń fi tẹlifíṣàn ránṣẹ́ sí díìṣì orí òrùlé. Wáyà wínníwínní tí wọ́n ká bíi sípíríìngì wà nínú rẹ̀, sátẹ́láìtì tó nílò rẹ̀ kò tó nǹkan lọ́dọọdún, ọwọ́ ni wọ́n sì ṣì fi ń to púpọ̀ nínú rẹ̀.